Ǹjẹ́ Alágbẹ̀dẹ Jẹ̀bi Ọ̀bẹ?

Alágbẹ̀dẹ rọ ọ̀bẹ, ó tà á fún ìyá ẹlẹ́ran. Kò pẹ́ kò jìnnà, ọmọ ìyá ẹlẹ́ran mú ọ̀bẹ náà, ó fi gún ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń jà. Bí ọba bá rán àwọn ìlàrí láti lọ mú ọ̀daràn, ilé ìyá ẹlẹ́ran ni wọn yóò gbà lọ tààrà. Kò sí ẹni tí yóò yà sí ilé arọ nínú wọn. Bí ẹnì kan bá sì dábàá pé kí wọ́n de alágbẹ̀dẹ mọ́ ọ̀daràn, àwọn ìjòyè yóò bú sẹ́rìn-ín, wọn yóò ní kí wọ́n kúkú de ẹni tí ó wa irin ní ilẹ̀ pẹ̀lú, àti ẹni tí ó sun èédú tí wọ́n fi yọ́ ọ. Ọ̀bẹ kan náà tí ó pa ènìyàn ni ó ń gé ẹran, òun ni ó ń bẹ iṣu, òun kan náà ni ó sì ń gé ìwọ́ ọmọ tuntun. Ọwọ́ tí ó dì í mú ni ó yan iṣẹ́ fún un.

Àwíjàre yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ó sì ti gba àwọn alágbẹ̀dẹ là láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ohun tí ó mú kí ó yẹ ní títún gbé yẹ̀wò ni pé, láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún wá, ẹgbẹ́ oníṣẹ́-ọwọ́ tuntun kan ti dìde tí kì í fẹ ẹwìrì, tí kì í sì í gbé ọmọ-owú, síbẹ̀ tí ohun tí wọ́n ń rọ ti wọ ilé àti yàrá ju ọ̀bẹ lọ. Àwọn ni àwọn tí ń kọ ètò iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà, pàápàá àwọn tí ń kọ́ ojú-ewé orí ayélujára. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé nínú ọ̀ràn tiwọn, a kò dúró kí ẹni tí ohun-èlò pa lára wá pe ẹjọ́. Àwọn alágbẹ̀dẹ fúnra wọn ni wọ́n ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń jẹ́wọ́ pé àwọn ni àwọn rọ irin báyìí-báyìí, ọkàn àwọn kò sì balẹ̀.

Wọn kọ́ ni àkọ́kọ́. Mikhail Kalashnikov, ará Rọ́ṣíà tí ó ṣe ìbọn tí gbogbo ayé mọ̀ sí AK-47, fi ọ̀pọ̀ ọdún wí fún àwọn oníròyìn pé òun ń sùn dáadáa; ó ní àwọn òṣèlú ni kí a di ẹ̀bi lé lórí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ogbó dé, kí ó tó kú ní 2013 ní ẹni ọdún 94, ó kọ lẹ́tà sí olórí ìjọ Kristi ti ilẹ̀ rẹ̀. Ó ń béèrè bóyá ẹ̀bi ikú àwọn tí wọ́n fi ìbọn náà pa wà ní ọrùn òun, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀tá ni wọ́n. Agbẹnusọ ìjọ náà dáhùn pé ìjọ kò lòdì sí ẹni tí ó ṣe ohun ìjà láti fi dáàbò bo ilẹ̀ baba rẹ̀. Bóyá èsì yìí tu bàbá arúgbó náà nínú tàbí kò tù ú, òun nìkan ni ó mọ̀. Ohun tí ó yẹ ní fífiyè sí ni pé àwíjàre ọ̀bẹ ni ó fi sùn ní gbogbo ọjọ́ agbára rẹ̀, òun náà ni kò sì tó o fi sùn mọ́ nígbà tí ilẹ̀ ṣú.

Kí a tó dá ẹjọ́ àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ó yẹ kí a mọ irú ilé arọ tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ní oṣù kẹta ọdún 1989, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Tim Berners-Lee, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní CERN, ibùdó ìwádìí àwọn onímọ̀ físíìsì tí ó wà ní ẹ̀bá Geneva ní ilẹ̀ Switzerland, kọ ìwé àbá kan sí àwọn ọ̀gá rẹ̀. Ohun tí ń yọ ọ́ lẹ́nu kò ju èyí lọ: àwọn onímọ̀ ń wá, wọ́n ń lọ, ìwé wọn sì ń sọnù sínú oríṣiríṣi ẹ̀rọ tí kò gbọ́ èdè ara wọn. Àbá rẹ̀ ni pé kí a so àwọn ìwé náà pọ̀ bí ìtàkùn ti ń so igi mọ́ igi, kí ẹni tí ó bá fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé kan lè ti ibẹ̀ bọ́ sínú ìwé mìíràn, ibikíbi tí ìyẹn ìbáà wà ní ayé. Kí ọdún 1990 tó parí, ìtàkùn náà ti ń ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1993, CERN kéde pé àwọn yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn láìgba kọ́bọ̀. Orúkọ tí Yorùbá sọ ọ́ lẹ́yìn náà, ìtàkùn àgbáyé, bá èrò ọkàn ẹni tí ó dá a mu púpọ̀.

Ẹ̀bùn ni, kò sì sí ẹni tí ń bá ẹni tí ó gbé ìkòkò omi sí ẹ̀bá ọ̀nà fún èrò wí. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá fi tọrẹ, ẹlòmíràn yóò wá bí òun yóò ṣe pawó lórí rẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n rí kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà ni ìpolówó ọjà, ibẹ̀ ni ìtàn ẹ̀bi sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ethan Zuckerman jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin ní àwọn ọdún 1990 nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Tripod ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ilé-iṣẹ́ yìí ń fún ẹnikẹ́ni ní àyè láti kọ́ ojú-ewé tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ń lẹ ìpolówó mọ́ ojú-ewé náà láti fi rí owó. Ní ọjọ́ kan, àwọn aṣọkọ̀ kan rí i pé ìpolówó àwọn wà lórí ojú-ewé tí ó kún fún ọ̀rọ̀ ìṣekúṣe, wọ́n sì fárígá. Kí oníbàárà má baà bọ́, wọ́n pète ọgbọ́n kan: kí ìpolówó má ṣe wà lára ojú-ewé gan-an mọ́, kí ó máa ṣàdédé yọ jáde nínú fèrèsé tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má lè wí pé olówó ọkọ̀ bá oníṣekúṣe da nǹkan pọ̀. Zuckerman ni ó kọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlà ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni. Kò ju ohun tí ènìyàn lè kọ láàárín oúnjẹ àárọ̀ àti ti ọ̀sán lọ. Láàárín ọdún díẹ̀, fèrèsé náà ti di eṣinṣin ayélujára: bí ènìyàn bá pa ọ̀kan, méjì ni yóò yọ.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, Zuckerman kọ àròkọ gígùn kan sínú ìwé ìròyìn *The Atlantic*, ó tọrọ àforíjì. Àwọn oníròyìn mú èyí lérè, wọ́n ń gbé e kiri pé ẹni tí ó dá fèrèsé burúkú sílẹ̀ ti tọrọ gáfárà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka àròkọ náà yóò rí i pé fèrèsé kọ́ ni ó ń dun ọkùnrin náà jù. Ohun tí ó ń dùn ún ni pé òun àti àwọn ẹgbẹ́ òun gbà kí ìpolówó di oúnjẹ tí ayélujára ń jẹ. Ẹni tí ń ta ìpolówó gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí yóò wò ó. Kí ó tó lè mọ̀ ọ́n, ó ní láti máa ṣọ́ ọ. Bí èrè bá sì ti wọ inú ìṣọ́ náà, ìṣọ́ kò ní tán mọ́. Ìlà díẹ̀ tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọ kò pa ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó wà lára ọ̀nà kan tí ó gbé gbogbo ayé dé ibi tí ẹni tí kò sanwó fún nǹkan fi di ẹni tí a ń tà.

Ìtàn Aza Raskin tún ṣòro ju èyí lọ, nítorí ohun tí òun ṣe dára púpọ̀ ní ojú ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí i. Kí ó tó di 2006, ẹni tí ń kàwé lórí ayélujára yóò kà dé ìsàlẹ̀ ojú-ewé, yóò tẹ bọ́tìnnì, yóò dúró, kí èkejì tó ṣí. Raskin wò ó pé ìyà ni èyí jẹ́ fún òǹkàwé. Ó wá ọgbọ́n sí i: bí òǹkàwé bá ti ń sún mọ́ ìsàlẹ̀, kí ẹ̀rọ ti máa gbé èyí tí ó kàn wá, kí ojú-ewé má ṣe ní ìpẹ̀kun. Oníṣẹ́ tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni yóò ronú irú èyí. Àmọ́ ṣá o, ìsàlẹ̀ ojú-ewé tí ó dà bí ìdènà yẹn ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Ibẹ̀ ni òǹkàwé ti ń mí. Ẹni tí ń jẹ ẹ̀bà, tí ó bá rí ìdí àwo, á mọ̀ pé òun ti jẹun; bí àwo kò bá ní ìdí ńkọ́? Ní 2018, Raskin sọ fún àwọn oníròyìn BBC pé ohun tí òun ṣe ń dun òun. Ní ọdún kan náà, òun àti Tristan Harris wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti máa ta ayé lólobó nípa ohun tí irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ń ṣe sí ọkàn ènìyàn.

Ní ibi yìí ni àwọn tí ń gbèjà iṣẹ́ náà máa ń sá padà sí ilé arọ. Wọ́n á ní, ta ni ó so ọwọ́ òǹkàwé mọ́ fóònù? Kí ó pa á, kí ó sùn. Ọ̀bẹ kò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́ ibi, kí alágbẹ̀dẹ máa bá tirẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n alágbẹ̀dẹ kan náà tí ń rọ ọ̀bẹ ni ó ń rọ pàkúté. Ọ̀bẹ tí a gbé sílẹ̀ kò ní ohun tí ó ń lépa. Títí ọwọ́ yóò fi gbé e, irin lásán ni. Pàkúté kò rí bẹ́ẹ̀. Èrò ọkàn ẹni tí ó rọ ọ́ wà nínú eyín rẹ̀. Ó ti ro bí ẹran ṣe ń gbé ẹsẹ̀, ó ti wọn agbára tí ẹran fi ń fa ẹsẹ̀ yọ, ó sì ti fi díẹ̀ lé e. Nígbà tí ọdẹ bá dẹ ẹ́ tán, tí ó lọ sùn sí ilé, pàkúté wà ní igbó, ó ń ṣiṣẹ́. Àwọn àgbà ní alágbẹ̀dẹ tí ń lu irin lójú kan náà, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ ayélujára ńláńlá kì í fi ojú lásán mọ ohun tí ó dára. Wọn yóò fi irú ojú-ewé kan han ọ̀wọ́ ènìyàn kan, wọn yóò fi irú mìíràn han ọ̀wọ́ kejì, wọn yóò ka iye ìṣẹ́jú tí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan fi jókòó, èyí tí ó bá sì dá ènìyàn dúró pẹ́ jù ni wọn yóò mú lò fún gbogbo ayé. Ẹni tí ó bá ti ka ìṣẹ́jú báyìí kò lè jókòó ní iwájú ìjòyè kankan kí ó wí pé òun kò mọ ohun tí irin òun ń lọ ṣe.

Bí a bá fi èyí wọn Raskin, òun fúnra rẹ̀ rọ ọ̀bẹ ni. Àwọn tí ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n fún un ní eyín. Ẹ̀bi rẹ̀, bí ó bá ní ẹ̀bi, kì í ṣe ti ẹni tí ó dẹ pàkúté. Ó sún mọ́ ti ọdẹ tí ó rí ewé tí ń mì ní òru, tí ó yìnbọn, tí ó rò pé ẹtu ni, tí ó sì bá ènìyàn níbẹ̀. Kò sí ìlú tí ó ní làákàyè tí yóò pe irú ọdẹ bẹ́ẹ̀ ní apànìyàn bí ẹni tí ó lúgọ de ọ̀tá rẹ̀. Síbẹ̀ kò ní lè gbé ìbọn kọ́ ògiri kí ó jókòó ti iyán ní alẹ́ ọjọ́ náà. Yóò lọ sí ilé ẹni tí ó kú. Yóò wólẹ̀. Ohun tí wọ́n bá bù fún un láti ṣe ni yóò ṣe, kì í ṣe nítorí pé ó pète ibi, bí kò ṣe nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ni ó ti jáde. Àwọn kan ń fi àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí ń kábàámọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìrònúpìwàdà wọn dé lẹ́yìn tí ọjà ti tú. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ẹ̀gàn náà. Ṣùgbọ́n ìjẹ́wọ́ tí ó pẹ́ wúlò ju ìdákẹ́ lọ, nítorí alágbẹ̀dẹ nìkan ni ó lè fi ibi tí eyín pàkúté ti ń ṣí han ẹni tí ó ti há sínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn tí ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é yàtọ̀. Gbogbo ẹni tí ó ti ra gàrí rí ní ọjà ni ó mọ kóńgò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú. Bí a bá wò ó láti òkè, ó kún, ó ga, ó tilẹ̀ ń ṣàn sílẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìkan ni ó mọ ohun tí ó sọnù. Àwọn oníbàárà máa ń bú ìyá alágàárì, ó sì yẹ ní bíbú. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ó lu kóńgò náà. Ó gbé e lọ bá ẹnì kan tí ó mọ òòlù í lò, ó sanwó fún un, onítọ̀hún sì lù ú wọnú láìbéèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, nítorí kò sí ohun méjì tí a lè fi irú kóńgò bẹ́ẹ̀ ṣe. Kí ni a ó pe onítọ̀hún? Kò sí ẹni tí ó bá a ní ọjà. Kò wọn gàrí fún ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ òun ni olè tí ó ṣáájú.

Irú kóńgò bẹ́ẹ̀ pọ̀ lórí ayélujára. Láti 2010 ni ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Harry Brignull, ti bẹ̀rẹ̀ sí kó wọn jọ, tí ó sì fún wọn ní orúkọ tí ó fi wọ́n wé iṣẹ́ òkùnkùn. Bọ́tìnnì tí ó wí pé “Mo gbà” tóbi, ó ní àwọ̀ tí ń tàn. Èyí tí ó wí pé “N kò gbà” rí bí èèrà, ó sì fara pamọ́ sí ẹ̀yìn ojú-ewé mẹ́ta. Ẹni tí ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí san àsansílẹ̀ owó yóò gba ojú ọ̀nà kan ṣoṣo wọlé. Ẹni tí ó fẹ́ jáde yóò rin ọ̀nà méje. Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí ó para pọ̀ fi òfin de irú ọgbọ́n yìí fún àwọn ilé-iṣẹ́ ayélujára ní 2022. Bí ó ti wù kí òfin náà múná tó, kò lè lu ìdí kóńgò padà. Ẹni tí ó mọ òòlù í lò náà ni yóò ṣe ìyẹn.

Ohun tí irú oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń wí ni pé ọ̀gá ni ó rán òun. Yorùbá ti ní èsì fún un tipẹ́: bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ilé ẹjọ́ náà sì ti fún un ní èsì. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, àṣírí tú pé ilé-iṣẹ́ Volkswagen ti ilẹ̀ Jámánì fi ètò kọ̀ǹpútà kan sínú ọkọ̀ tí ó tó mílíọ̀nù 11 káàkiri ayé. Ètò náà gbọ́n: ó lè mọ ìgbà tí ìjọba bá gbé ọkọ̀ sórí ẹ̀rọ àyẹ̀wò. Ní àkókò náà, ọkọ̀ yóò mí bí ọmọlúàbí. Bí ó bá ti bọ́ sí títì, yóò máa tú èéfín olóró tí ó pọ̀ ju ohun tí òfin gbà lọ ní ìlọ́po lọ́nà púpọ̀. James Liang, ọ̀kan nínú àwọn ẹnjiníà tí ó lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ náà, jẹ́wọ́ pé òun jẹ̀bi, wọ́n sì rán an ní ẹ̀wọ̀n oṣù 40 ní Detroit ní oṣù kẹjọ ọdún 2017. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, ọ̀gá kan, Oliver Schmidt, gba ẹ̀wọ̀n ọdún 7. Ẹni tí a rán jẹ níbẹ̀, ẹni tí ó wà lókè rẹ̀ sì jẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí àwọn àgbà ṣe ń pín irú ẹ̀bi yìí nìyẹn nígbà tí wọ́n ní ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀.

Ó rọrùn fún ẹni tí ó yó láti wí pé kí ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ kọ iṣẹ́ sílẹ̀. Ọmọ tí ó jáde ilé-ẹ̀kọ́ gíga, tí àbúrò mẹ́ta ń wo ojú rẹ̀, tí owó ilé sì ti pé, kì í ṣe ẹgbẹ́ ọ̀gá àgbà tí ó lè jókòó sí ilé fún ọdún kan. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Èyí dín ẹ̀bi rẹ̀ kù; kò pa á rẹ́. Àwíjàre kan tilẹ̀ wà tí ó yẹ kí a yọ kúrò lẹ́nu rẹ̀ pátápátá, èyíinì ni pé bí òun kò bá ṣe é, ẹlòmíràn yóò ṣe é. Kò sí olè tí kò lè wí bẹ́ẹ̀ nípa ewúrẹ́ tí ó bá so mọ́lẹ̀ ní òru.

Ní ìdàkejì àwọn tí ó pẹ́ kí wọ́n tó kábàámọ̀, ẹnì kan wà tí ó sọ̀rọ̀ ní kùtùkùtù, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì fẹ́ gbọ́. Joseph Weizenbaum jẹ́ Júù tí wọ́n bí ní Berlin ní 1923, tí àwọn òbí rẹ̀ gbé sá kúrò ní abẹ́ Hitler ní 1936. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní MIT ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó sì gbé ètò kọ̀ǹpútà kan jáde ní 1966 tí ó sọ ní ELIZA. Ètò náà ń ṣe bí oníṣègùn ọkàn. Bí ènìyàn bá kọ ọ́ sí i pé inú òun bàjẹ́, yóò béèrè ìdí tí inú rẹ̀ fi bàjẹ́. Bí ó bá dárúkọ ìyá rẹ̀, yóò ní kí ó sọ sí i nípa ìdílé rẹ̀. Kò mọ ohun kan. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ni ó ń yí padà sí ẹni náà bí ìró tí ń padà láti ara òkè. Akọ̀wé Weizenbaum, obìnrin tí ó ti rí i fún ọ̀pọ̀ oṣù níbi tí ó ti ń kọ ètò náà, jókòó tì í ní ọjọ́ kan. Lẹ́yìn gbólóhùn díẹ̀, ó yíjú sí ọ̀gá rẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jọ̀wọ́ jáde kúrò nínú yàrá, òun fẹ́ bá ẹ̀rọ náà sọ ọ̀rọ̀ àṣírí.

Weizenbaum jáde, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò jáde kúrò ní ọkàn rẹ̀. Ó rí i pé ohun tí òun fi ṣeré ti mú ènìyàn tí orí rẹ̀ pé. Ní 1976, ó tẹ ìwé kan jáde nínú èyí tí ó wí pé ìbéèrè tí àwọn ẹgbẹ́ òun ń béèrè, bóyá kọ̀ǹpútà lè ṣe nǹkan báyìí, kì í ṣe ìbéèrè tí ó ṣe pàtàkì jù. Iṣẹ́ wà tí ó ń fẹ́ àánú àti ọgbọ́n ènìyàn, bíi dídá ẹjọ́ àti títu ni nínú. Kò yẹ kí a gbé irú rẹ̀ lé ẹ̀rọ lọ́wọ́, ìbáà tilẹ̀ ṣe é bí ẹni fi iná jóko. Àwọn kan nínú àwọn gbajúmọ̀ iṣẹ́ náà bínú sí i. John McCarthy fi ìwé náà gún lágùn-ún. Ó kú ní 2008. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2022 tí ChatGPT ti jáde, àwọn tí ń bá ẹ̀rọ sọ ọ̀rọ̀ àṣírí ti kúrò ní akọ̀wé kan.

Ohun tí ó mú kí Weizenbaum yàtọ̀ ni pé kò dúró kí jàǹbá kó tó lọ bi ara rẹ̀ léèrè. Obìnrin kan ṣoṣo, gbólóhùn díẹ̀, ó ti tó o.

Ẹ̀bi kan ṣẹ́kù tí kò sí nínú ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ, tí kò sí nínú ti pàkúté tàbí ti kóńgò. Òun ni ẹ̀bi ẹni tí kò ro ẹlòmíràn mọ́ ohun tí ó ń ṣe, ó sì kan àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ètò ASCII ní 1963 láti fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, àyè 128 péré ni wọ́n là sílẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì jókòó, ó nàró. Ẹ, Ọ àti Ṣ kò rí ìjókòó. Kò sí ẹni tí ó jókòó pète pé kí a lé Yorùbá síta. A kò sí ní ọkàn wọn ni. Láti 1991, ètò Unicode ti ń ṣe àtúnṣe, ó sì ti fún lẹ́tà olámì ìsàlẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ní àyè tiwọn. Ṣùgbọ́n lẹ́tà bíi ọ̀ tàbí ẹ́, tí ó ní àmì ní ìsàlẹ̀ àti ohùn ní òkè, kò ní àyè kan ṣoṣo. Méjì ni kọ̀ǹpútà ń so pọ̀ láti ṣe é. Ọ̀rọ̀ náà “ọ̀ṣọ́” jẹ́ lẹ́tà 3 ní ojú ènìyàn, ó jẹ́ 5 ní ojú ẹ̀rọ.

Ẹni tí kò mọ èyí yóò kọ́ ojú-ewé tí ń gba orúkọ, yóò sì kọ ọ́ sí àṣẹ rẹ̀ pé lẹ́tà láti A dé Z nìkan ni kí ẹ̀rọ gbà. Ọmọ tí ó kọ orúkọ rẹ̀ bí olùkọ́ rẹ̀ ṣe kọ́ ọ yóò tẹ̀ ẹ́ wọlé, ọ̀rọ̀ pupa yóò sì yọ pé orúkọ náà kò tọ̀nà. Olùkọ́ tí ó ti fi odidi sáà kan ṣàlàyé ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ mọ ohun tí gbólóhùn pupa yẹn bàjẹ́. Ǹjẹ́ ẹni tí ó kọ àṣẹ náà jẹ̀bi? Ní ìgbà àkọ́kọ́, àìmọ̀ ni, a sì lè fi jì í. Bí a bá ti fi tó o létí, tí ó sì wí pé iye àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn kò pọ̀ tó ohun tí ó lè mú òun padà sídìí iṣẹ́, àìmọ̀ ti parí níbẹ̀.

Kì í sì í ṣe àwọn ará ìlú òkèèrè nìkan ni ó ń kọ́ irú àpótí bẹ́ẹ̀. Ní Yábàá ní Èkó, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ti pọ̀ láti àwọn ọdún 2010, ọmọ Yorùbá pọ̀ nínú àwọn tí ń ṣiṣẹ́ náà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kọ́ àpótí orúkọ tán, ohun tí ó kàn ni pé kí ó dán an wò, orúkọ tí ó sì súnmọ́ ọn jù ni ti ara rẹ̀. Yóò tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú àmì. Ọ̀rọ̀ pupa yóò yọ. Yóò wò ó fún ìṣẹ́jú àáyá kan, yóò yọ àmì náà kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ yóò gbà á, yóò sì kọjá sí àpótí tí ó kàn.